Ọjọ́ Tí Omi Sá Lẹ́yìn Ilé Wa ní Norcross

Òórùn tùràrí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé a ti ní aládùúgbò tuntun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Marietta ni, ẹsẹ̀ mi wú nínú bàtà nọ́ọ̀sì, mo ń fà tìkọ̀ gun àtẹ̀gùn apartment wa ní Norcross, àfi bí òórùn kan ṣe pàdé mi lókè. Kì í ṣe òórùn oúnjẹ, kì í sì í ṣe òórùn ọṣẹ tó máa ń ti yàrá ìfọṣọ jáde. Ó dùn, ó sì korò díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ju èèpo ọsàn àti oje igi sínú iná. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí nínú ilé, wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kékeré síwájú, èéfín ń rú jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi etí ìborí wọn gba èéfín náà sára. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì juwọ́ sí mi pé kí n wá gba tèmi.

Ará Sòmálíà ni wọ́n, ìyá àti ọmọ. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan tí wọ́n ti ń di ẹrù tí àwọn èèyàn bá rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun nìkan ló sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú àwọn méjèèjì. Ìyá gbọ́ "hello", wọ́n gbọ́ "thank you", wọ́n sì gbọ́ "eat". Ó parí. Ọkọ tèmi ń wa truck. Bó bá wà ní Texas lónìí, Ohio ni lọ́la. Ọmọbìnrin wa kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé òórùn oúnjẹ wọ ilé wọn lọ́jọ́ kan tí mo ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Nígbà tí màá fi wọlé láti fà á jáde, ó ti jókòó sórí ẹsẹ̀ Ìyá, ó ń jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi oyin kùn. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó fi di pé àwọn ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀ bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ayeeyo" ló ń pè wọ́n, ìyẹn ìyá àgbà ní èdè wọn. Ó dùn mí díẹ̀ pé Ayeeyo yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju bó ṣe ń pe ìyá mi tó wà ní Ìbàdàn lọ, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá bọ́ gèlè sílẹ̀, a ó lọ mu tíì lọ́dọ̀ wọn, tíì tó kún fún mílíìkì àti kànáfùrù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Bari, àgbègbè tí wọ́n ti wá. Èmi tí mo rò pé ogun àti aṣálẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ Sòmálíà! Ìyá máa ń da ìyẹ̀fun sórí tíréè, wọ́n á fi ìka ya ibi tí ilẹ̀ Áfíríkà ti yọ ìwo síta, ọmọ wọn á sì máa túmọ̀. Bari, ó ní, ìlà-oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ṣóńṣó ìwo yẹn ni àgbègbè náà wà, òkun sì gbá a mú lápá méjì: ọ̀kan lókè tó kọjú sí Yemen, ọ̀kan lápá ọ̀tún tó ń lọ títí dé Íńdíà. Ní èbúté Bosaso, ọkọ̀ ojú omi onígi máa ń kó ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, oòrùn ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì le débi pé ẹni tó bá rọ́nà lọ á sá gun orí òkè. Orí àwọn òkè olókùúta yẹn ni igi tùràrí ń hù sí, gbòǹgbò rẹ̀ á dì mọ́ àpáta gbágbáágbá bí ẹni tí kò fẹ́ já bọ́. Àwọn ọkùnrin á fi irin ha èèpo rẹ̀, oje funfun á sì máa sun jáde bí omijé, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Láti kékeré ni mo ti ń ka "wúrà, tùràrí àti òjíá" ní Sunday school. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé tùràrí ń ti Áfíríkà wá, áḿbọ̀sìbọ́sí pé màá jókòó ti ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ha á.

Ṣùgbọ́n ìlú tí Ìyá wọ ilé ọkọ sí kò sí lórí òkè. Hafun lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ kan ni, tó nà wọ inú òkun bí ahọ́n, iyanrìn tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ ilẹ̀ gidi, ilé wọn sì wà lẹ́bàá omi lórí iyanrìn pẹrẹsẹ. Ọmọ wọn ní bí ẹ̀fúùfù òkun bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fa gbogbo ọkọ̀ wá sí èbúté, àwọn obìnrin á máa tún àwọ̀n ṣe, ewúrẹ́ á máa jẹ páálí. Bí òkun bá tún rọlẹ̀, ẹja àkùrákùdà àti edé ńláńlá ni wọ́n á máa kó bọ̀. Ilé iṣẹ́ iyọ̀ kan tí àwọn ará Ítálì kọ́ láyé àtijọ́ ti wó sí ẹ̀gbẹ́ ìlú, ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń bára wọn ṣe bojúbojú. Mo ṣàkíyèsí pé bí ìka Ìyá bá ti dé Hafun nínú ìyẹ̀fun yẹn, wọ́n á kàn gbọn tíréè náà, gbogbo àwòrán á pa rẹ́, wọ́n á ní ká mu tíì. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Lẹ́yìn ilé wa, adágún omi kan wà níbẹ̀, tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ lórí rẹ̀. Fèrèsé ilé ìdáná Ìyá gan-an ló kọjú sí i. Páìpù tó ń gbé omi rẹ̀ jáde bàjẹ́, àwọn tó ń bójú tó apartment náà sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu àbáwọlé, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Spanish, pé àwọn yóò fa omi náà gbẹ láti tún un ṣe. Mo kà á, mo kọjá. Ta ni yóò rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kan ẹnikẹ́ni?

Ọjọ́ yẹn, oòrùn mú gan-an. Ọkọ̀ pọ̀ lórí I-285 bó ṣe máa ń pọ̀, mo dé ilé lẹ́yìn àkókò tí mo máa ń dé. Bí mo ti ń wọ parking lot ni mo rí i pé adágún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹrẹ̀ ló kù, ẹja sì ń fò pẹ́pẹ́ nínú ẹrẹ̀ náà. Àwọn ọmọdé ilé wa kún inú rẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n mú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n ń kó ẹja, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ ń wá ọmọ tèmi láàárín wọn. N kò rí i, mo sì gòkè.

Ilẹ̀kùn Ìyá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìkòkò tíì ti gbẹ lórí sítóòfù, ó ti ń jó. Mo pa iná. "Màmá!" Mo wo yàrá, mo wo ilé ìwẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rẹ́ mi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Bàtà ọmọ mi ẹsẹ̀ kan wà ní ẹnu ọ̀nà, ìkejì wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn níbi tí mo ti kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Bàtà Ìyá fúnra wọn wà nílé, méjèèjì. Ẹni tó gbé ọmọ jáde láìwọ bàtà, kì í ṣe pé ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin ará Mẹ́síkò kan tó máa ń tún mọ́tò ṣe ní parking lot wa rí mi, ó ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe ojú ọ̀nà. Ó ní ìyá náà sáré jáde, ọmọ mi wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n fẹ́ fa àwọn ọmọ kan jáde nínú ẹrẹ̀, ìyá ọmọ kan sì tì wọ́n.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Ó ní, "Bad. Wọ́n kàn ń pariwo bad, bad, bad."

Bad? Ta ló burú? Ṣé ọmọ mi ni? Mo ti tọ́jú àwọn arúgbó tí ọpọlọ wọn dà rú, mo ti rí ìyá arúgbó jẹ́jẹ́ tó gbé orí bẹ́ẹ̀dì fọ́ gíláàsì mọ́ nọ́ọ̀sì lórí nítorí ó rò pé olè ni. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yí padà, ó ń dẹ́rù bà mí. Mo pe ọmọ Ìyá lórí fóònù, kò gbé e. Ní warehouse wọn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù máa ń wà títí wọ́n á fi sinmi. Mo fi ohùn sílẹ̀ fún un, n kò mọ ohun tí mo sọ. Mo pe 911. Bí obìnrin tó gbé e ṣe ń bi mí pé irú aṣọ wo ni ọmọ mi wọ̀, n kò rántí. Èmi tí mo wọ aṣọ fún un láàárọ̀! Sister kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa pè mí lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, bí mo sì ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó kígbe pé, "Yéè! Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti wá ni, tí o fi gbé ọmọ fún wọn?" Mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀ ọ́n, pé mo mọ òkè rẹ̀ àti èbúté rẹ̀. Mo gé ìpè náà.

Ọlọ́pàá obìnrin kan dé, aláwọ̀ dúdú ará ilẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ni rédíò èjìká rẹ̀ bá sọ̀rọ̀: security ilé ọ́fíìsì kan tó wà lórí òkè, ní òdìkejì títì, ti rí ìyá arúgbó kan àti ọmọdé kan ní òkè pátápátá parking deck wọn, ilé alájà tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ìyá náà kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Òkè pátápátá! Orí deck! Ó ní kí n wọ mọ́tò òun. N kò lè sọ fún ọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé mo ń sọ pé "Jésù, Jésù, Jésù," àti pé ọlọ́pàá náà ń dá mi lóhùn pé, "Yes, ma'am."

Ìyá kò sí létí ògiri bí mo ṣe ti rò. Àárín gbùngbùn ni wọ́n jókòó sí lórí kọnkéré gbígbóná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá iná kan, ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìborí wọn, tí n kò rí i kí wọ́n bọ́ rí lójú ọkùnrin, ni wọ́n fi pọn ọmọ mi mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n so ó ní kókó mẹ́ta, irun funfun wọn sì wà ní gbangba níwájú security náà, wọn kò tiẹ̀ bìkítà. Ọmọ mi yọjú léjìká wọn. Kò sunkún.

Ó ní, "Mommy, gòkè wá! Omi ń bọ̀. Big water."

Mo ní, "Omi wo?"

Ó ní, "Bad. Ayeeyo said bad. Bad is the sea, Mommy."

Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gún mi láyà látìgbà tí ọkùnrin yẹn ti sọ ọ́, òkun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òkun ni ìyá yìí ń pè. Òkun, ní Norcross, níbi tí òkun kò sí.

Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ tú ọmọ mi, Ìyá sì di kókó náà mú, wọ́n ń mi orí, ojú wọn kò kúrò lápá ibi tí adágún yẹn wà. Ọlọ́pàá náà ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ ná. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, tòun ti ìbọn àti bẹ́líìtì. Bí a ṣe wà nìyẹn títí ọmọ Ìyá, tó ti gbọ́ ohùn tí mo fi sílẹ̀, tí àwọn ará ilé sì júwe ibẹ̀ fún, fi sáré dé pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó ń dán lọ́rùn. Ó di ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn, ó sì kọjú sí wa láti túmọ̀.

Ó ní ìgbì òkun ló pa ìlú wọn run. Ìgbì ńlá tó ti Éṣíà wá, tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ kejì Kérésì lọ́dún 2004. Ọ̀rẹ́ mi, mo rántí ọjọ́ yẹn. Inú pálọ̀ bàbá mi ní Ìbàdàn la wà, à ń jẹ ìrẹsì Kérésì tó kù, tẹlifíṣọ̀n ń fi Indonesia àti Thailand hàn wá, a ń ṣe háà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé omi yẹn gba orí òkun kọjá wá sí Áfíríkà, pé ó gbé ilé àti ọkọ̀ àti èèyàn lọ ní Hafun. Ó ní kó tó wọlé, òkun kọ́kọ́ sá sẹ́yìn. Ó fa ara rẹ̀ lọ jìnnà, ẹja sì kù nílẹ̀ tí wọ́n ń fò. Àwọn èèyàn bọ́ sínú rẹ̀ láti kó ẹja, pàápàá àwọn ọmọdé. Àbúrò òun wà lára wọn, ọmọ ọdún méje, ọmọbìnrin. Òun ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Bosaso nígbà náà nítorí ilé-ìwé. Ó ti mọ gbogbo èyí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ rí.

Ìyá wá tún sọ̀rọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, gbólóhùn kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta. A ń dúró kí ọmọ wọn túmọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ohun kan, Ìyá sì tún un sọ. Mo rí i tí ojú obìnrin náà yí padà.

Ọlọ́pàá ní, "What did she say?"

Ó ní, "Àwọn ló rán àbúrò mi lọ. Ìyá mi ló gbé abọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó tètè lọ kí àwọn yòókù tó kó ẹja tán. Ọmọ náà kò fẹ́ lọ. Wọ́n bá a wí." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Wọn ò sọ ọ́ rí. Gbogbo ọdún yìí, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ó sá jáde ni."

Mo wá ń fojú inú rí iṣẹ́jú tí ìyá yìí yọjú lójú fèrèsé, tíì ń hó lórí iná: omi ń sá, ẹja ń fò, àwọn ọmọdé ń sáré lọ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ṣeé ṣe kó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà lọ. Orúnkún tó máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, òun ni wọ́n fi gbé e sáré kọjá títì ọlọ́nà mẹ́rin.

Ọlọ́pàá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Mo ní, "Ìyá mi ni. Ọmọ mi ni wọ́n ń gbé sá fún ikú." Ó ní òun máa kọ ọ́ pé wọ́n ti rí ọmọ, kò sì sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo padà, ọmọ Ìyá ti gbé ọwọ́ lé irun ìyá rẹ̀, ó ń sọ nǹkan kan sí wọn létí. N kò tíì bi í rí pé kí ló sọ, kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá tú kókó náà fúnra wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ tán níbẹ̀. Ọkọ mi ní òun kò bínú, àmọ́ bí wọ́n bá tún rí omi mìíràn ńkọ́? Sister ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n máa gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ òun ní Snellville, mo sì gbé e lọ, n kò jiyàn. Ilẹ̀kùn wọn tó kọjú sí tiwa wà ní títì pa. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àti ọmọ, ohùn tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹkún nígbà mìíràn, ẹ̀rín nígbà mìíràn.

Ọmọ mi ló fòpin sí i. Ní Sátidé kan, ó lọ ń gbá ilẹ̀kùn yẹn, ó ń ké "Ayeeyo! Ayeeyo! Ẹ ṣílẹ̀kùn!" bí ẹni tó ń bínú. Ọmọ Ìyá ṣí i. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ti ń pe orúkọ àbúrò òun nínú ilé, pé láti bí ogún ọdún ó lé, orúkọ náà kò jáde lẹ́nu ìyá òun. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá bí mo ṣe máa kí ìyá mi. Wọn kò wò mí lójú. A fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sétí adágún náà, èmi lọ́tùn-ún, ọmọ wọn lósì, a fi páìpù tuntun hàn wọ́n, ibi tí omi gbà jáde àti ibi tó ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú ihò páìpù náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì sọ̀rọ̀.

Ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní, àṣé èèyàn ló fà á."

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ọmọ mi padà fún wọn. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì rò pé orí mi kò pé. Mo máa ń rò ó pé nínú gbogbo àwa tí a wà nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló rí ikú tó ń bọ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ikú ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ni, ọmọ mi sì ni wọ́n gbé, kì í ṣe báàgì wọn, kì í ṣe bàtà wọn. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò tíì tán lára mi, n kò sì fẹ́ kó tán pátápátá. Ní ilẹ̀ yìí, gbogbo wa la máa ń bi ara wa pé ibo lẹ ti wá, nínú elevator, níbi tí a ti ń dúró de kọfí, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ẹni náà á dárúkọ ìlú kan, a ó ní ó dára, a ó sì kọjá lọ. Èmi náà ṣì ń béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi jókòó.